Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń La Ojú Kan Sílẹ̀ Sùn

Nígbà láéláé, kì í ṣe láéláé àwọn baba ńlá wa o, láéláé tàwọn ẹ̀rọ ilé, bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ kan, gbogbo ojú rẹ̀ ló máa ń dì pátápátá. Òkùnkùn biribiri. Kò sí iná kékeré kankan tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

Ní àkókò náà, ìyá kan ń gbé lára ògiri pálọ̀ Bàbá Adétóún. Ọmọ́ńlé ni. Àwọn ọmọ́ńlé yòókù kò mọ̀ ju kí wọ́n mú kòkòrò jẹ, kí wọ́n sì sùn. Èyí yàtọ̀. Inú ẹ̀rọ ló fẹ́ràn láti máa yọjú wò. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ó kàn máa ń dùn mọ́ ọn ni. Òun ló yọ ẹsẹ̀ aáyán tó há sẹ́yìn bátìrì Rédíò, tí Rédíò fi ń kólòlò káàkiri ilé. Òun náà ló ha ìdóògún kúrò lẹ́nu Tọ́ọ̀ṣì. Bó bá ti tún ọ̀kan ṣe tán, á gun òkè ògiri lọ, á gbé àyà sókè, á sì máa mi orí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ìwé ẹ̀rí.

Nígbà tí àsìkò àtiyé ẹyin tó, kò wá ibòmíràn lọ. Inú àpótí Kọ̀ǹpútà ló yé ẹyin rẹ̀ méjèèjì sí. Ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, afẹ́fẹ́ tútù díẹ̀ sì ń gba ẹ̀yìn wọlé. Kò sí ológbò níbẹ̀, kò sí ìgbálẹ̀.

Kọ̀ǹpútà yìí ni wọ́n kà sí jù lọ nínú ilé náà. Ìyá Adétóún fọwọ́ ara rẹ̀ fi òwú hun aṣọ kan, ó fi bò ó látòkè délẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ì báà máa ṣiṣẹ́, ì báà máa sùn, aṣọ wà lára rẹ̀. Wọ́n ń bọlá fún un ni.

Lọ́jọ́ kan, Kọ̀ǹpútà dákú. Bàbá Adétóún tẹ̀ ẹ́, ó la ojú, ṣùgbọ́n kò tíì sọ nǹkan kan tó tún fi dákú. Bàbá Adétóún tẹ̀ ẹ́ títí, kò jí mọ́. Ló bá ní ẹ̀rọ náà ti sú òun, òun yóò pe oníkòǹdẹ̀mù tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò kó wá gbé e lọ. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ni oníkòǹdẹ̀mù fẹ́ fi òkú ẹ̀rọ ṣe.

"Á fi òòlù fọ́ ọ ni, kó lè rí irin inú rẹ̀ yọ," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Kí oòrùn tó wọ̀ lónìí, á ti dé."

Ọmọ́ńlé gbọ́ ọ láti orí ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀. Òòlù kẹ̀? Ó ti lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ irin inú àpótí náà gbagbaagba, bí àwọn ọmọ́ńlé ti máa ń ṣe. Wọn kò ṣeé ṣí nípò láìfọ́. Bí wọ́n bá gbé àpótí lọ, àwọn ọmọ lọ nìyẹn.

Ó sáré lọ bá àwọn àgbà ẹ̀rọ, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba òun, kí wọ́n sọ ohun tí òun máa ṣe sí Kọ̀ǹpútà kó tó jí.

Rédíò ló dàgbà jù. Ó wúkọ́ díẹ̀. "Gbá a lórí," ló wí. "Bí ohùn tèmi bá lọ, wọ́n á gbá mi lórí, pàà, màá sì máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ níbi tí mo bá a dé."

Tọ́ọ̀ṣì ní ìyẹn kọ́. Ó ní kí wọ́n gbé e sórí páànù, kí wọ́n sá a sóòrùn, nítorí ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún bátìrì òun nìyẹn tí ara òun fi ń yá. Fáànù yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní òróró ni, kí wọ́n da òróró sí i níkùn kó rin gbingbin.

Ọmọ́ńlé dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí wọ́n bá gbá a, ẹyin á fọ́. Bí wọ́n bá sá a, ẹyin á jinná. Bí wọ́n bá da òróró sí i, ẹyin kò ní rí èémí. Ó wo àwọn àgbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má bínú o," ló wí. "Àìsàn ara yín ni gbogbo yín ń sọ fún mi. Ta ló ti bi Kọ̀ǹpútà léèrè ohun tó ń ṣe é gan-an?"

Rédíò ní ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ àná, kó lọ ṣe tiẹ̀ kí àwọn wò ó.

Bó ṣe máa ń ṣe ló ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri. Ó gbé etí lé ẹ̀gbẹ́ ihò iná, ó gbọ́ tí iná ń kùn nínú rẹ̀. Ibẹ̀ dára. Ó fi ahọ́n pa "tẹ̀", àmì pé ó ti yẹ ibẹ̀ wò, kó má baà tún padà síbẹ̀ mọ́. Ó tẹ̀ lé wáyà, ó ń wá ojú eyín eku, kò rí nǹkan kan. Tẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ Sìtábíláísà, tó máa ń bá Kọ̀ǹpútà mú iná dọ́gba, ó bi í bóyá iná ń gba ara rẹ̀ kọjá.

"Ó ń kọjá dáadáa," ni Sìtábíláísà wí. "Mo ń gbé oúnjẹ fún un láti àárọ̀. Òun ni kò lè gbé e mì."

Tẹ̀. Ó wá ku Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ọmọ́ńlé rá wọ abẹ́ aṣọ, ó fi ẹnu sún mọ́ ọn, ó bi í jẹ́jẹ́, bí ìyá ti ń bi ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, pé kí ló kọ́kọ́ ṣe é kó tó dákú.

"Ooru," ni Kọ̀ǹpútà sọ wúyẹ́wúyẹ́ láì la ojú. "Ooru ló kọ́kọ́ mú mi. Mi ò rí èémí mí, Ìyá. Lẹ́yìn náà ni ojú mi ṣú."

Ọmọ́ńlé rántí afẹ́fẹ́ tútù ọjọ́ tó yé ẹyin. Ó yí sẹ́yìn àpótí. Kò sí afẹ́fẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́. Fáànù kékeré tí Kọ̀ǹpútà fi ń mí ti há pinpin. Òwú ara aṣọ iyì yẹn ló ń tú díẹ̀díẹ̀, ó bá eruku dàpọ̀, ó sì dí imú rẹ̀ bí ìrọ̀rí.

Ọmọ́ńlé fi ẹnu fà á. Ó fa tibí, ó fa tọ̀hún. Ibi tó ti ń fà á ló ti gbọ́ ariwo ọmọlanke lẹ́nu ọ̀nà. Ó ku ìdì kan tó há sẹ́yìn abẹ fáànù, ẹnu rẹ̀ kò sì tó o. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ki ìrù rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ń tì í.

Ní pálọ̀, Ìyá Adétóún ti ká aṣọ kúrò kí wọ́n lè rí àpótí gbé. Oníkòǹdẹ̀mù ní kí wọ́n dúró ná.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò wá tàn rárá ni? Ẹ tẹ̀ ẹ́ lójú mi, kí ẹ má baà wá sá tẹ̀ lé mi lẹ́yìn lọ́la."

Bàbá Adétóún rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Fáànù kékeré gbọ̀n. Ó fẹ́ yí, ìdì òwú kò jẹ́ kó yí, ìrù Ọmọ́ńlé sì ti há sáàárín méjèèjì. Bó bá fa ìrù rẹ̀ yọ, òwú á padà dí ibẹ̀. Ó wo ẹyin rẹ̀ méjèèjì, funfun báláú nínú òkùnkùn.

"Máa lọ," ló sọ fún ìrù rẹ̀. Ó sì já a sílẹ̀.

Ìrù náà kò kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó jó, ó yí bírí, ó ń na òwú náà lẹ́gba títí òwú fi ṣí kúrò, tí àwọn méjèèjì sì gba ihò ẹ̀yìn já bọ́ sílẹ̀. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, hùùù. Kọ̀ǹpútà mí kanlẹ̀, ó la ojú, kò sì dákú mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, òkú yín ti jí o," ni oníkòǹdẹ̀mù wí, ó ń ti ọmọlanke rẹ̀ lọ. Bàbá Adétóún gbé ìka tó fi tẹ̀ ẹ́ sókè, ó ń wò ó. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ òun dáa.

Ìyá Adétóún ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí ìdì òwú tó jẹ́ àwọ̀ aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun, ó sì rí ìrù kékeré tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ọmọ́ńlé kan tí kò nírù wà lórí ògiri, ó gbé àyà sókè, ó ń mi orí.

"Bàbá Adétóún, a ò ní fi aṣọ bo ẹ̀rọ yìí mọ́," ló wí. "Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgbálẹ̀ lé ìyá tó wà lókè yẹn."

Nígbà tí pálọ̀ dá, Kọ̀ǹpútà bi Ọmọ́ńlé pé kí ni òun máa fi san oore yìí, òun kò kúkú ní ìrù tí òun lè fún un. Ọmọ́ńlé ní òun kò bèèrè ìrù.

"Àwọn ọmọ mi ò ní pẹ́ jáde," ló wí, "mi ò sì lè sáré ọdẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa ọ́, má di gbogbo ojú rẹ. La ọ̀kan sílẹ̀, kékeré báyìí, kí kòkòrò máa rí ọ̀nà wá bá wa."

Kọ̀ǹpútà gbà. Àwọn ẹ̀rọ yòókù gbọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní àwọn náà yóò máa la ojú kan sílẹ̀. Rédíò wúkọ́, ó ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ náà mọ iṣẹ́ dunjú.

Láti ọjọ́ náà ni iná kékeré ti ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ tó ti sùn. Láti ọjọ́ náà náà ni ọmọ́ńlé ti ń pa "tẹ̀, tẹ̀" lára ògiri, tó sì lè já ìrù rẹ̀ sílẹ̀ láìsunkún. Òmíràn hù fún ìyá yìí nígbà tó yá. Ó kúrú, ó rí bọ̀ọ̀lọ̀, kò jọ ti àkọ́kọ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sì bi í pé níbo ni ìrù tó dáa wà, á gbé àyà sókè lójú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, á ní, "Ó ti lọ síbi iṣẹ́."