Òjé Ọwọ́ Ọ̀tún Abíọ́nà

Ní ayé ìgbà tí ogun ń jó ìlú bí iná ọyẹ́ ṣe ń jó koríko, ó di ọjọ́ kan tí kò sí ẹni tó lè pọn omi lódò Àlàrí mọ́. Ajagunlà, ológun tí ẹnu rẹ̀ mú ju idà rẹ̀ lọ, ti pàgọ́ sí òdìkejì odò. Abẹ́ ìrókò kan ló ń jókòó sí, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì ń yìnbọn pa gbogbo ẹni tó bá gbé ìkòkò dé etí omi. Ó wá ránṣẹ́ sí àwọn ará Ìdó-Àlàrí pé: “Bí oòrùn bá kan àtàrí lọ́la, inú ilé yín ni n ó ti mu omi.”

Ìbọn kan ṣoṣo ní ìlú ló lè dé ìdí ìrókò yẹn: ìbọn gígùn tí baba Ọdẹ́rìnlọ́ fi sílẹ̀, èyí tí ilà lọ́ yípo nínú ihò rẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ́, ọmọ a-fi-sùúrù-pẹkùn, ti yìn ín títí, gbogbo ọta ló ń yà bàrá.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ tí Ajagunlà dá mọ́, Balógun Olúgbodì bá a ní ilé arọ, níbi tó ti máa ń rọ ọta. “Ìbọn arúgbó! Ó ti ṣarán.”

“Ìbọn kò jẹ̀bi, Bàbá. Ihò rẹ̀ ti jẹ, ó ti fẹ̀. Ọta wa ló kéré. Ọta tó bá ń mì nínú ihò, ibi tó wù ú ni yóò gbà.”

“Rọ èyí tó tóbi, nígbà náà!”

“Bó bá tóbi jù, ìbọn á fọ́ mọ́ mi lójú.”

“Èyí tó bá a mu ńkọ́? Àbí ìyàwó lo fẹ́ wọn bàtà fún ni?”

“Òjé ti tán nílùú, Bàbá.”

Abíọ́nà, ìyá Ọdẹ́rìnlọ́, àgbà olórìṣà, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹ̀gbà òjé ńlá kan wà níbẹ̀, èyí tí Òrìṣà-ńlá so mọ́ ọn láti ìgbà èwe. Èèwọ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: ọjọ́ tó bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́, olúwarẹ̀ kò ní í rí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

“Gé e.”

“Ìyá mi, ẹ mọ ohun tí ẹ ń wí?”

“Èmi ni mo bí ọ, àbí ìwọ lo bí mi? Gé e, oòrùn ń gùn.”

Ó gé e. Ó fi ọ̀pá ti ègé kan gba inú ìbọn kọjá; nígbà tó jáde, ó ti gba àwòrán ihò náà, tilàtilà. Ó fi tẹ amọ̀, ó sun amọ̀ náà, ó yọ́ òjé ìyókù dà sínú rẹ̀. Ọta kan ṣoṣo ló jáde. Ó wọ ihò pẹ́kípẹ́kí, kò mì.

Oòrùn kan àtàrí. Ajagunlà dìde lábẹ́ ìrókò, ó gbé igbá sókè. “Ará Ìdó, òùngbẹ ń gbẹ mí o!”

Ìbọn dáhùn. Igbá ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀.

Bí ọmọ ogun rẹ̀ ti rí òkú ọ̀gá wọn, wọ́n fọ́n ká. Ní ìrọ̀lẹ́, Abíọ́nà béèrè omi. Ọdẹ́rìnlọ́ fúnra rẹ̀ ló lọ pọn ọ́n. Ìyá mu ún, ó ní, “Odò wa ṣì dùn.” Ilẹ̀ kò mọ́ bá a.

Títí dòní, ọwọ́ òsì nìkan ni àwọn olórìṣà Ìdó-Àlàrí ń wọ òjé sí. Bí àlejò bá sì béèrè ti ọwọ́ ọ̀tún, ìdáhùn kan náà ni wọn yóò fún un: “Ó ti ré odò kọjá.”