Obì Láwuyì

Ẹni tó bá ní òun ó dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Àríyìíkẹ́ opó mọ òwe yìí láti kékeré, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kó gbàgbé rẹ̀.

Láwuyì tí wọ́n jọ pààlà lóko kì í jẹ́ kó sinmi: "Màmá, ẹ tọ ọmọ yín lọ sí Ìbàdàn. Ìlú yìí ti kú. Kí lẹ tún ń dúró ṣe?"

Ìyá di ẹrù, àmọ́ ara ń fu ú. Kí ló dé tí aládùúgbò fi ń kánjú ju ọmọ tí òun bí lọ?

Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ó yà sóko láti já ewúro. Ó bá Láwuyì níbi tó ti ń gbin ọmọ igi obì. Méjì ti ré kọjá pẹ̀rẹ̀gún ààlà, wọ́n ti wọ ilẹ̀ opó.

"Láwuyì, ọdún mélòó lobì fi ń so?"

"Bí ọdún méje ni, Màmá."

"Ta ni yóò wá ká a nínú ìlú tó ti kú?"

Àríyìíkẹ́ hú méjèèjì, ó kó wọn lé Láwuyì lọ́wọ́.

"Gba ẹrù rẹ. Èmi ń lọ tú tèmi."