Akọ̀wé Tó Ka Ìràwọ̀

Ọkùnrin kan wà tó bèèrè ọ̀nà, síbẹ̀ tó ṣìnà. Akọ̀wé àgbà ni ní ilé ìwòsàn kan tó wà lórí òkè, níbi tí ìlú mẹ́ta ti ń wá gba ìtọ́jú. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe olè. Aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí, ìwé kì í sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Irú àna tí ìyá ìyàwó fi ń yangàn lọ́jà ni. Jẹ́ kí èyí yé ọ, nítorí ìtàn yìí kì í ṣe ti ènìyàn burúkú.

Èrò pọ̀ jù ní ilé ìwòsàn náà. Àwọn aláìsàn a ti tò sẹ́nu ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọ̀gá dókítà wá ní kí wọ́n ṣí ojúewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ rí dókítà, kó mú ọjọ́ tirẹ̀ lórí fóònù, kó gba nọ́ńbà, kó tó kúrò nílé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn afọ́jú ńkọ́? Fóònù wọn ní ohùn tó ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sí wọn létí, ìka ni wọ́n sì fi ń wá ọ̀nà. Bí wọn ò bá ṣe ojúewé dáadáa, ohùn yẹn á kàn máa ṣe wọ́kuwọ̀ku ni. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ta ètò tí wọ́n ní ó ń tún irú ojúewé bẹ́ẹ̀ ṣe. Ọ̀gá dókítà ní kí akọ̀wé wá èyí tó dára jù nínú wọn.

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún yín," ó ní. "Ẹ má kó ìtìjú bá mi o."

Akọ̀wé kò mọ nǹkan kan nípa àwọn ètò wọ̀nyí. Kò tíì di ojú rẹ̀ rìn rí láyé. Ó wá ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe. Ó lọ ka ohun tí àwọn oníbàárà kọ sábẹ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọjà bá tẹ́ lọ́rùn a fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún, ẹni tó bá bí nínú a fún un ní ẹyọ kan. Akọ̀wé fa ilà sínú ìwé, ó kọ orúkọ ètò mẹ́ta sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìràwọ̀.

Ètò àkọ́kọ́ ní irinwó ènìyàn tó ń yìn ín. Ọ̀kan ní, "Ìṣẹ́jú márùn-ún la fi gbé e wọlé." Òmíràn ní, "Láti ìgbà tí a ti rà á, kò sẹ́ni tó fẹjọ́ wa sùn mọ́." Òmíràn ní, "Ọ̀gá wa dunnú." Ètò kejì wà láàrin, kò gbóná, kò tutù. Ẹ̀kẹta kò ní ju ènìyàn mọ́kànlá lọ, àwọn náà sì ń kùn. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, pé ńṣe ló máa ń ní kí ènìyàn lọ tún ojúewé rẹ̀ kọ láti ìpìlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé, "Afọ́jú ni mí. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n mo dá a ṣe."

Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ètò àkọ́kọ́, ẹnì kan wà tó fún un ní ìràwọ̀ ẹyọ kan. Ó ní, "Afọ́jú ni mí. Ohùn fóònù mi ń sọ̀rọ̀, ohùn tiyín ń sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò."

Akọ̀wé kà á. Ó tún un kà. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ẹnì kan kò lè mọ̀ ju irinwó lọ. Kò kọ tirẹ̀ sínú ìwé.

Síbẹ̀, aláfarabalẹ̀ ni. Ó ní òun á bi àwọn tó ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ó pe afọ́jú méje láti àwọn ìlú náà sí gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn. Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó fi mínírà àti mítípáì síwájú wọn. Ọ̀gá dókítà jókòó lọ́kàn-ánkán wọn, òun àti alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn.

Ìyá Tẹlifóònù wà nínú àwọn méje náà. Orúkọ tí ìlú fún un nìyẹn, nítorí òun ló jókòó ti tẹlifóònù ilé ìwòsàn yẹn fún ọdún méjìlélógún kó tó fẹ̀yìn tì. Kò ríran, ṣùgbọ́n ohùn tó bá ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ó ń dá gbé, kò sì fẹ́ kí aládùúgbò máa bá òun ro àìsàn òun fún dókítà. Nígbà tí akọ̀wé kọ́kọ́ dé síbi iṣẹ́, tí kò tíì mọ bí wọ́n ti ń dáhùn fóònù, ìyá yìí ló kọ́ ọ. "Ìwọ ọmọ yìí," ni ó máa ń wí, "gbọ́ tiwọn tán kí o tó dáhùn."

Akọ̀wé tẹ ètò àkọ́kọ́ lórí fóònù kí wọ́n gbọ́. Ohùn obìnrin kan jáde, ó dùn bí oyin: "Ẹ káàbọ̀ sí ilé ìwòsàn wa."

"Ṣé ó dára?" akọ̀wé bèèrè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," ni ọkùnrin tó jókòó sí igun wí.

"Ẹ kú làálàá. Ẹ ò ní ṣe àṣedànù," ni òmíràn wí.

"Ẹ̀yin lẹ rántí wa. Olúwa á rántí yín."

Ìyá Tẹlifóònù na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. "Ṣé mo lè fọwọ́ kàn án?"

"Ìyá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," akọ̀wé ní. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ̀ ẹ́."

Ìyá fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé."

Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n súre, wọ́n lọ. Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn méjèèje ní ó dára. Ẹni tí wọ́n bá sì tọ́ nínú ilé láàrin wa mọ̀ pé ẹ kú iṣẹ́ kì í ṣe ìdáhùn. Ẹni tó ń la igi, a kí i. Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ síbi tí kò yẹ, a kí i. Bí ọbẹ̀ bá níyọ̀ jù, àlejò á kí onílé, á rọra bu omi mu. Akọ̀wé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyìn sì ń dùn létí, ló bá sọ ìkíni di ẹ̀rí.

Wọ́n gbé ètò àkọ́kọ́ wọlé. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì pé ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà kò gbọdọ̀ wọlé. Oṣù mẹ́ta kọjá. Afọ́jú kankan kò wá fẹjọ́ sùn. Akọ̀wé ka ìdákẹ́jẹ́ yẹn mọ́ ìyìn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọ wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ó gba fáìlì kan, ó fẹ́ máa jáde lọ. Obìnrin kan wà lórí ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí wọ́n ti di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbagidi, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgunpá. Obìnrin náà gbé orí sókè.

"Bàtà Akọ̀wé nìyẹn," ó ní. "Ẹ káàsán o."

Akọ̀wé tẹríba. "Ìyá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Gọ́tà iwájú géètì ni. Kò ṣe nǹkan kan. Ó ti ń san."

Obìnrin tó wà lórí ibùsùn kejì ń bó ọsàn, òun kò ní irú sùúrù yẹn. "Ẹ sọ fún un," ó ní. "Bí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi á sọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló wá gbà. Ìgbà márùn-ún ni onígéètì dá a padà, pé kò ní nọ́ńbà. Ìgbà karùn-ún, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú sí gọ́tà. Ìgbà náà ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Eegun tó kán ló wá di nọ́ńbà rẹ̀."

"Ìyá," akọ̀wé ní, "kí ló dé tí ẹ ò mú ọjọ́ lórí fóònù?"

"Ẹ má bínú. Mo gbìyànjú. Mi ò mọ̀ ọ́n lò ni. Ọjọ́ ogbó ti dé."

Ọ̀rọ̀ yìí gún un. Obìnrin tó fi ọwọ́ méjì darí ogójì okùn tẹlifóònù láìríran ló ń tọrọ àforíjì pé òun ò mọ fóònù ọwọ́ lò.

Akọ̀wé tọrọ fóònù náà. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó di ojú rẹ̀, ó ń ṣe bí ìyá ti ní kó ṣe. Ohùn fóònù ní, "Mú ọjọ́..." Ohùn dídùn yẹn já lù ú, "Ẹ káàbọ̀ sí ilé ìwòsàn wa." Ó sún ìka síwájú. Ohùn fóònù ní, "Ọjọ́ Ajé, aago..." Èkejì tún ní, "Ẹ káàbọ̀." Ńṣe ló dà bí orogún méjì tó ń dá ọkọ lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, kò gbọ́ ti ẹnì kankan. Gbogbo wọ́ọ̀dù ń gbọ́ bí ilé ìwòsàn tó ti géètì mọ́ obìnrin yìí ṣe ń kí i káàbọ̀.

Nígbà náà ló rántí ẹni tó fi ìràwọ̀ ẹyọ kan sílẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni yẹn ti kìlọ̀ fún un láti ọ̀nà jíjìn, ó gbọ́, kò sì kà á sí.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn? Mo bi yín."

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ bi wá bóyá ó dára. Mítípáì wà lẹ́nu wa, ọ̀gá yín wà níwájú wa. Kí lẹ fẹ́ ká sọ? Èmi náà bi yín ní ìbéèrè kan. Ṣé ẹ rántí?"

Ó rántí. Ó wo ọwọ́ tí wọ́n dì. Ọwọ́ tí ìyá nà lọ́jọ́ náà nìyẹn. Kò rí ibi gbé ojú sí. Ìyá kò rí i, síbẹ̀ fáìlì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi bo ojú.

Lọ́jọ́ kejì, ó dìde níbi ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́. "Èmi ni mo yan ètò yẹn," ó ní. "Àwọn tí a ní a ń ṣílẹ̀kùn fún, àwọn la tì í mọ́."

Ọ̀gá dókítà rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, irinwó ènìyàn ló yìn ín. Ṣebí ẹ̀yin lẹ fi ìwé hàn mí."

"Àwọn tó rà á ni, sà. Wọn kì í lò ó. Ẹnì kan ló sọ fún mi pé òun lò ó, mo sì yọ tirẹ̀ kúrò."

Ọ̀gá dókítà ní kí wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Wọ́n yọ ètò náà, wọ́n ya ìwé ara géètì. Akọ̀wé gbé àga lọ sílé Ìyá Tẹlifóònù, ó jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí ìyá ti ń fi ọwọ́ òsì wá ọ̀nà lórí ojúewé tí wọ́n ń fi ètò kẹta tún kọ. Kò bi í bóyá ó dára. Ìka rẹ̀ ló ń wò. Ibi tí ìka bá ti dúró, ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n tún ibẹ̀ ṣe. Lọ́jọ́ kan, ìyá dá nọ́ńbà gbà. Akọ̀wé ń retí ọ̀rọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ìyá ní, "ó lọ́ra bí ìgbín."

Kò kí i kú iṣẹ́. Akọ̀wé tẹríba, nítorí ìdáhùn ni wọ́n fún un nísinsìnyí.

Eegun náà jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Bí wọ́n bá pàdé níwájú géètì, ọwọ́ yẹn ni ìyá máa ń nà sí i, kó mú òun kọjá gọ́tà. Ó ń mú un. Ó ń fi àtàńpàkò mọ ibi tó wọ́, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò wo ilẹ̀.

Ìwọ náà ńkọ́? O ti dé ipò tí wọ́n ti ń kí ọ dípò kí wọ́n dá ọ lóhùn. O ní o ti bèèrè, gbogbo wọn ní iṣẹ́ rẹ dára. Àwọn wo? Ṣé àwọn tó bá ọ ra ìkòkò ni, àbí àwọn tó ń jẹ nínú rẹ̀? Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà ló bi, tó sì gbọ́ tirẹ̀ tán. Ẹnì kan wà lábẹ́ rẹ tó ti dákẹ́ láti ìgbà tí o ti ṣe oore fún un. Má pè é wá jẹun. Má mú ọ̀gá dání. Gbé àga lọ bá a, fi nǹkan náà lé e lọ́wọ́, kí o sì panu mọ́. Bí ó bá kí ọ, má tíì dìde.