Ọ̀kọ̀ Ẹ̀san Ògúnṣakin

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, ẹ gbé ẹ̀pà yín sílẹ̀ ná. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń jẹ nǹkan gbọ́.

Alágbẹ̀dẹ ni Ògúnṣakin, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ-ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀gbẹ́ ẹwìrì ni ìyá rẹ̀ bí i sí, irin ló sì fi ṣeré kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, Ọdẹ́kúnbi ọdẹ. Ní ọjọ́ burúkú kan, ìmàdò tí ọba àwọn iwin ń sìn nínú Igbó Àìbojúwẹ̀yìn fa Ọdẹ́kúnbi ya. Èèkù àdá nìkan ni wọ́n bá lọ́wọ́ òkú rẹ̀. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, kò sunkún lójú ènìyàn. Ó kàn ń bèèrè ẹni tí yóò dáhùn fún ikú ọkọ òun. Ògúnṣakin fi ahọ́n kan irin, ó búra pé ẹni tó pa àbúrò òun, ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe iwin, òun yóò gún un pa.

Ọjọ́ méje ló fi rọ ọ̀kọ̀ kan. Inú ń bí i, ó ń lù. Ẹkún ń gbọ̀n ọ́n, ó ń lù. Bí irin náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, a dá a padà sínú iná. Nígbà tó parí rẹ̀, ó fi gún àpáta, àpáta sì là bí iṣu sísè. Ó gbé e lé èjìká, ó kọrí sí igbó.

Kò tíì rìn jìnnà tí iwin kan fi dábùú ọ̀nà. Elétígbáròyé ni wọ́n ń pe eléyìí: ikùn ni ẹnu rẹ̀ wà, orí rẹ̀ sì jẹ́ kìkì etí. Ó bi Ògúnṣakin pé ta ni. Ògúnṣakin bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkì àwọn baba rẹ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Iwin náà ní baba rẹ̀ ló sọ yẹn, òun ń bèèrè ọmọ. Ògúnṣakin ní òun ni oyè Olórí Alágbẹ̀dẹ tọ́ sí, tí ọba ìlú wọn gbé e fún ẹlòmíràn. Iwin náà tún ní ohun tí wọ́n ṣe fún un nìyẹn, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀. Ògúnṣakin bá na ọ̀kọ̀ sí i, kí ìjà lè rọ́pò èsì, bí àwa ọmọ ènìyàn ti máa ń ṣe. Iwin náà yà fún un.

“Máa lọ,” ó ní. “Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ yóò pàdé ara rẹ̀ níwájú.”

Ìdí igi ńlá kan ló ti bá ọba àwọn iwin, Abágijókòó, tí gbòǹgbò igi jẹ́ ẹsẹ̀ fún. Ìmàdò náà sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ògúnṣakin gbé ọ̀kọ̀ sókè, ó ní ẹ̀jẹ̀ àbúrò òun lòun wá gbà. Ọba náà kò mira. Ó kàn ki ọwọ́ bọ irun ọrùn ìmàdò, ó yọ irin kan tó ti há síbẹ̀, ó jù ú sílẹ̀.

“Àbúrò rẹ ló kọ́kọ́ ṣá ẹran mi,” ó ní. “Bí àdá náà bá jẹ́ àdá, òkú ẹran ni ìwọ ìbá bá níhìn-ín.”

Ògúnṣakin wo irin náà. Ilà mẹ́ta tí ilé wọn máa ń fà sára irin ló wà lára rẹ̀.

“Ta ló rọ ọ̀kọ̀ ọwọ́ rẹ?”

“Èmi ni.”

“Ta ló rọ àdá yìí?”

“Èmi ni.”

“Ọwọ́ kan náà. Kí ló wá yà wọ́n?”

Nígbà náà ló rántí. Ọjọ́ kejì tí oyè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ló rọ àdá náà. Ó ti ń wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé kí lòun tún ń làágùn fún. Irin kò tíì pọ́n tó tó fi yọ ọ́. Àṣà àgbẹ̀dẹ wọn ni pé àdá ọdẹ kò gbọdọ̀ jáde kí ẹni tó rọ ọ́ má tíì fi gbogbo agbára ṣá a mọ́ kùkùté igi àyán lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò ṣá a lẹ́ẹ̀kan. Ó ní àbúrò òun náà ni, yóò gbà á bẹ́ẹ̀. Ọdẹ́kúnbi sì gbà á, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó dúpẹ́.

“Ọkàn ló yà wọ́n,” Ògúnṣakin wí.

“Nígbà tí ó wà láàyè, àjẹkù ọkàn lo fi rọ àdá fún un. Ìgbà tó kú tán lo wá fi odidi ọkàn ṣiṣẹ́. Ṣé òkú nìkan ló ń jẹ iṣẹ́ rere ọwọ́ rẹ ni?”

Ògúnṣakin yí ẹnu ọ̀kọ̀ sí àyà ara rẹ̀, nítorí ó ti búra. Abágijókòó di ọ̀kọ̀ náà mú, ó ní ẹ̀san náà ní ẹni tó ni ín, kí ó gbé e lọ bá a.

Bí ó ṣe padà sílé nìyẹn. Lójú gbogbo ẹbí ló ti jẹ́wọ́, ó gbé ọ̀kọ̀ síwájú Àwẹ̀ró, ó sì na ara sílẹ̀. Àwẹ̀ró mú un, ó fi ẹnu ọ̀kọ̀ ti ọrùn ọkùnrin náà títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí ó má ṣe é. Nígbà tó ṣe, ó gbé ọ̀kọ̀ kúrò.

“Ikú ti dẹrùn jù fún yín, ọkọ mi,” ó ní. “Bí ẹ bá kú, ẹ ó sinmi, èmi kò sì ní í sinmi. Ọmọ mẹ́ta ni àbúrò yín fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa rọ gbogbo irin tí wọn yóò fi jẹun. Lójoojúmọ́ ni n ó máa wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, n ó máa wo ojú yín. Ọjọ́ tí ọkàn yín bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, n ó mọ̀.”

Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó níbẹ̀. Àwọn ará ìlú òkèèrè ń wá ra irin Ògúnṣakin, wọ́n ń yìn ín. Àwẹ̀ró kò kí i kú iṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí wọ́n bá fi ohun tó tọ́ sí yín dù yín, ẹ bínú. Èmi náà yóò bá yín bínú. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù mọ ibi tó ń gbé ìbínú rẹ̀ sí. Ọba ìlú ló ṣẹ Ògúnṣakin, Ọdẹ́kúnbi ló kú. Ó yá, ẹ dìde, kí kálukú lọ wo iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ nílé.