Òpó Inú Ìwé Púlọ́ńbà

Bí o bá dé ìlú Òkè-Ọparun, o lè gbọ́ òwe kan tí wọn kì í pa níbòmíràn. Wọ́n á ní, “Ìdọ̀bálẹ̀ kì í gbé ilé dúró.” Àlejò tó bá gbọ́ ọ á kọ́kọ́ wojú ẹni tó pa á. Ṣé ìdọ̀bálẹ̀ ti di igi ni, àbí ó ti di òpó? Ta ló tiẹ̀ ní kó gbé ilé dúró tẹ́lẹ̀? Ẹni tí kò mọ ìdí òwe náà á rò pé àfojúdi ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn, kí wọ́n má kí àgbà mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ tó ìlú náà. Ẹkún ló bí òwe yìí, bó sì ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n ń kọ́ nígbà náà, lẹ́yìn ọjà àtijọ́, níbi tí ilẹ̀ ti rọra dà lọ sódò. Adégoróyè ni olórí bíríkìlà. Kò sí ilé gidi kan ní ìlú tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bó bá ń lọ lójú pópó, á na ọ̀pá sí ilé yìí, á tún na ọ̀pá sí tọ̀hún: “Èmi ni. Ìyẹn náà, èmi ni.” Púlọ́ńbà tí yóò fa omi wọ inú ilé ìgbẹ̀bí náà ni Ládiméjì. Àna Adégoróyè sì ni, nítorí òun ló fẹ́ Àrìnpé, ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Ìgbéyàwó náà kò rọrùn. Adégoróyè kò fẹ́ púlọ́ńbà lána. Ó ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa dí ojú ibi tí omi ti ń jò, kí ló fẹ́ fi bọ́ ọmọ òun? Ìyá Àrìnpé ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Lọ́jọ́ tó sì gbà, ó pe Ládiméjì sí kọ̀rọ̀, ó ní, “Mo ti fún ọ lọ́mọ. Àmọ́ ọjọ́ tí o bá yájú sí mi, ọjọ́ náà ni Àrìnpé máa padà wálé.”

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù bàbá yìí ti wọ Ládiméjì lára. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ gan-an. Kò sí ohun tó ń já a láyà bíi pé kó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan kó má bá a nílé mọ́. Nítorí náà, bó bá ti rí Adégoróyè lókèèrè, ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Bàbá náà kò ní kó dìde bọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé yìí, ilé ilẹ̀ lásán ni. Ọ̀gbẹ́ni Fátókun, ẹni tó ń ya àwòrán ilé ní ìlú ńlá, ló yà á. Adégoróyè gba ìwé àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi mọ ògiri dé òkè fèrèsé. Ìgbà náà ni àwọn àgbà ìlú wá rò ó pé ó yẹ kí agbẹ̀bí máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n má baà máa wá a kiri nígbà tí ọmọ bá fẹ́ jáde. Wọ́n ní kí ilé di pẹ́tẹ́ẹ̀sì: aboyún nísàlẹ̀, agbẹ̀bí lókè, kí táǹkì omi ńlá sì wà lókè pẹ̀lú rẹ̀. Fátókun padà lọ, ó tún gbogbo àwòrán náà yà, ó kó o wá ní ìdì kan, ti bíríkìlà, ti káfíńtà àti ti púlọ́ńbà.

Ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn pín in lọ sílé. Ẹ jọ jókòó, kí ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí kálukú wo ti ẹnì kejì. Mo ti tún ibi púpọ̀ ṣe.”

Adégoróyè ní, “A gbọ́.”

Ìjókòó wo? Ní Òkè-Ọparun láyé ìgbà náà, ọkọ ọmọ kì í bá bàbá ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé wọ́n á jọ forí korí, tí ọmọ á máa na ìka sínú ìwé àgbà. Bí ọkọ̀ Fátókun ti lọ tán, Adégoróyè tú ìdì náà. Ó mú tirẹ̀, ó fún Sùnmọ́nù káfíńtà ní tirẹ̀, ó fi ọ̀pá ti ìwé púlọ́ńbà sí Ládiméjì. Ládiméjì dọ̀bálẹ̀ kó tó mú un. Bí ìpàdé ṣe parí nìyẹn.

Nígbà tí Adégoróyè délé, ìwé òkè nìkan ló yẹ̀ wò. Ti ìsàlẹ̀, ó ká a tì sẹ́yìn àpótí. Ìsàlẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó ń fojú ara rẹ̀ rí i lójoojúmọ́, kí ló tún fẹ́ máa wá nínú ìwé?

Ládiméjì ní tirẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan ilé náà, nítorí náà ó ka ìwé tirẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó rí ibi tí táǹkì máa jókòó sí lókè, láàárín gbùngbùn ilé. Ó rí páìpù tó ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá ńlá tí àwọn aboyún yóò máa dùbúlẹ̀ sí. Páìpù náà kò dá sọ̀ kalẹ̀. Òpó kan ló fara tì, òpó kọnkéré tó nípọn, tí wọ́n kun inú rẹ̀ dúdú nínú àwòrán. Abẹ́ táǹkì gan-an ni òpó náà wà, ẹni tó bá sì mọ bí omi ṣe wúwo tó kò ní béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú ìwé rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó wọ yàrá ńlá náà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí òpó láàárín, kò sì sí àmì pé ọ̀kan ń bọ̀. Sùnmọ́nù ti ń to pákó sókè níbẹ̀ fún dẹ́kì, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré tí yóò wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Adégoróyè dúró, ó ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ iṣẹ́.

Ládiméjì dọ̀bálẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́, bàbá.”

“Òo. Kí ló dé?”

“Kò sí o, bàbá. Mo ní kí n kàn béèrè ni. Òpó tó wà láàárín yìí, ṣé ẹ ṣì máa gbé e dúró tó bá yá ni?”

“Òpó wo?”

“Èyí tó wà nínú ìwé tèmi, bàbá.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí kò bá sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, bóyá Adégoróyè ì bá ní kó mú ìwé náà wá kí òun wò ó. Àgbà kì í gbà kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn tó ń pe òun lọ́gàá.

Ó ní, “Ládiméjì, nígbà tí mo kọ́ ilé àkọ́kọ́ ní ìlú yìí, ṣé wọ́n ti bí ọ?”

“Wọn ò tíì bí mi, bàbá.”

“Ìwé omi ni ìwé tìrẹ. Omi ni kó o máa wò níbẹ̀. Àbí púlọ́ńbà ló fẹ́ kọ́ mi ní ilé kíkọ́ báyìí? Ṣé torí èyí ni mo ṣe fún ọ lọ́mọ?”

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló pa á lẹ́nu mọ́. Ó tún dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kan yẹ̀pẹ̀. “Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ foríjì mí.” Ó ká ìwé rẹ̀, ó fa páìpù rẹ̀ gba ara ògiri.

Ní ìrọ̀lẹ́, kò lè jẹun. Àrìnpé bi í léèrè títí ó fi sọ fún un.

Àrìnpé ní, “O ní o béèrè. Ṣé o sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ fún wọn?”

“Ojú wọn ti le kí n tó débẹ̀.”

“Jẹ́ kí n sọ fún ìyá mi. Bàbá mi máa ń gbọ́ tiwọn.”

“Rárá o! Wọ́n á ní mo rán ọmọ wọn láti wá bú wọn. Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀. Bàbá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.”

Wọ́n da dẹ́kì náà, ó gbẹ. Nígbà tó tó àkókò láti yọ àwọn igi tó gbé e dúró, Sùnmọ́nù pe Ládiméjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Àwọn igi àárín yìí ń gbé ẹrù o. Mo fi òòlù kàn wọ́n, wọn kò fẹ́ yẹ̀. Ìwé tèmi kò ju ilẹ̀kùn, fèrèsé àti òrùlé lọ. Kí ni tìrẹ sọ?”

Ládiméjì bojú wẹ̀yìn. Adégoróyè wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wò wọ́n. Ládiméjì ní, “Bí bàbá bá ti ní kẹ́ ẹ yọ ọ́, ẹ yọ ọ́.”

Sùnmọ́nù pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n yọ igi.

Ilé náà kò wó. Wọ́n mọ ògiri òkè, wọ́n kan òrùlé, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun. Ọkàn Ládiméjì wá ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá òpó inú ìwé yẹn kò pọn dandan, bóyá àgbà rí ohun tí òun kò rí. Bí ewu ṣe máa ń tanni jẹ nìyẹn. Gbogbo ìgbà yìí, táǹkì òkè ṣì ṣófo.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ilé han Baálẹ̀ ni wọ́n bu omi sí i. Láti òwúrọ̀ ni ẹ̀rọ ti ń fa omi láti inú kànga lọ sókè. Ládiméjì wà nínú yàrá ńlá, ó ń fọwọ́ kan oríkèé páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ó ń jò. Ohun kan kán sí i lọ́rùn. Ó rò pé omi ni. Nígbà tó fọwọ́ kàn án, eruku símẹ́ńtì ni. Ó gbójú sókè, ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára dẹ́kì, lábẹ́ táǹkì, níbi tí òpó ì bá wà. Bó ṣe ń wò ó, ìlà náà ń gùn sí i.

Ó sáré jáde. Adégoróyè ti ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ agbádá, Baálẹ̀ àti àwọn àgbà ìlú ń tẹ̀ lé e. Igbe ló wà lẹ́nu Ládiméjì. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ ti pàdé ojú àna rẹ̀, ó nà gbalaja sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ, mo bẹ̀ yín—”

“Níwájú Baálẹ̀? Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?” Adégoróyè yíjú sí àwọn àgbà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣáájú, kí n ṣí fèrèsé fún yín.” Ó gba ẹ̀gbẹ́ àna rẹ̀ kọjá, ó wọlé.

Ohun tó kù kí Ládiméjì sọ kò gùn. “Ó ń wó.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣì dojú bolẹ̀, ó ń wá bí wọ́n ṣe ń sọ irú rẹ̀ fún àgbà, nígbà tí dẹ́kì já.

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó gbé Adégoróyè jáde lábẹ́ kọnkéré àti omi. Kò sí èémí lára rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ládiméjì lọ bá ìyá ìyàwó rẹ̀. Àwọn obìnrin yí i ká lórí ẹní. Ó dọ̀bálẹ̀ láti ẹnu ìloro, kò gbórí sókè. Àwọn kan ń nu ojú wọn, wọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé àna tó mọ ìwà hù nìyí.

Ìyá Àrìnpé ní, “Ṣé lóòótọ́ ni pé o rí òpó náà nínú ìwé rẹ?”

“Lóòótọ́ ni, ìyá.”

“O rí i, o sì jẹ́ kó wọlé.”

“Mo bọ̀wọ̀ fún wọn ni, ìyá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n…”

“Mo mọ̀ pé o dọ̀bálẹ̀. Gbogbo ìlú ló rí ọ.” Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. “Ká ní o pariwo mọ́ ọn ni. Ká ní o fa agbádá rẹ̀ ya, o tì í ṣubú. Ì bá bú ọ. Ì bá gba ọmọ rẹ̀ padà. Èmi ì bá sì tún bẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́sí, nítorí mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Ta ni mo fẹ́ bẹ̀ báyìí? Dìde, ọmọ mi. Dìde nílẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í gbé ilé dúró.”

Ó dìde. Àrìnpé wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò wojú ọkọ rẹ̀. Kò bá a lọ sílé lọ́jọ́ náà, kò sì lọ lọ́jọ́ mìíràn.

Àwọn kan ṣì ń jiyàn pé orí kunkun Adégoróyè ló pa á, pé kò sí ẹ̀bi ọmọ níbẹ̀. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ẹni tí kò wo ìwé jẹ̀bi tirẹ̀, ẹni tó wò ó tó sì gbé e mì náà ní tirẹ̀ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí o bá débi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Òkè-Ọparun lónìí, wàá rí bíríkìlà, káfíńtà àti púlọ́ńbà tí wọ́n jọ lóṣòó yí àwòrán ká, àna pẹ̀lú àna, ọ̀gá pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́. Bí ẹni tó kéré jù bá ní ti òun kò bá ti ọ̀gá mu, tí ojú ọ̀gá sì fẹ́ máa le, tí ọmọ náà bá fẹ́ máa tẹ orúnkún láti bẹ̀bẹ̀, wọ́n á fà á dìde. Wọ́n á ní kó kí àgbà tán, kó dìde dúró, kó sọ ohun tó rí. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í gbé ilé dúró.