Asà Òfìfo Orí Owó Fàdákà

Ọba Róòmù kan láyé ọjọ́un pe Híláru, ẹrú tó ń gbẹ́ àwòrán orí owó fàdákà, ó ní: “Kọ gbogbo àádọ́rin ogun tí mo ti ṣẹ́ sára ẹyọ owó kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, orí ẹ lọ nìyẹn.” Ẹyọ owó náà ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Híláru gbẹ́ òrìṣà ìṣẹ́gun wọn, obìnrin abìyẹ́, ó fi gègé ìkọ̀wé lé e lọ́wọ́, ó gbé asà síwájú rẹ̀, kò sì kọ nǹkan kan sára asà náà. Ọba fa idà yọ: “Ogun mi dà?” Híláru kúnlẹ̀: “Kábíyèsí, orí ibojì nìkan la ti ń kọ iṣẹ́ akọni tán. Òrìṣà ṣì ń dúró de èyí tó kù lọ́wọ́ yín. Àbí kí n kọ ọ́ tán?” “Má kọ ọ́ o!” Kíá ni ọba ti idà bọ àkọ̀. Híláru gba ilé lọ, orí ẹ̀ sì bá a délé.