Òwe, Orí Kejìlélọ́gbọ̀n

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kì í kan ilẹ̀kùn.

Bíríkìlà ni Díkìnì Olúṣeyè, òun ló sì ń kọ́ àwọn àgbà ìjọ ní Bíbélì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó ní ẹsẹ kan péré lóun á máa kà kóun tó sùn. Nígbà tó yá, ó ní èyí tóun ti mọ̀ sórí ti tó. Bíbélì wá di ará inú báàgì, tòun ti ṣíbí ìrẹ́lé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹ̀yìn ń ro ó, oorun ń kùn ún. Ó ní, "Bíbélì sọ pé ẹni tó bá ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ l'Ọlọ́run ń ràn lọ́wọ́."

"Níbo nìyẹn, Díkìnì?" Ìyá Mojírọ́lá ti mú bírò dání.

"Òwe, orí kejìlélọ́gbọ̀n."

Gbogbo wọn ṣí Bíbélì, wọ́n wá a títí.

"Orí kọkànlélọ́gbọ̀n ni Òwe parí sí nínú tèmi," ni Ìyá Mojírọ́lá wí. "Àbí ẹ ti fi búlọ́ọ̀kù kún tiyín ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kọ́ ló dun Díkìnì. Bàbá Alábẹ̀bẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣì ń fi itọ́ ya ojú ewé, ó rò pé méjì ló lẹ̀ mọ́ra.

Díkìnì lọ jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ má wá a mọ́, bàbá, irọ́ ni mo pa. Ìyá, ẹ bá wa kà á láti orí kìíní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sókè, kí n má baà sùn."